Ohun tí sítẹ́ǹtì tó ń yọ́ fi kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ apoògùn, pàápàá ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní Àbújá, mo kí yín kú iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín bi mí ní ìdí kọ́ńtà pé, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni sítẹ́ǹtì kan wà tó máa ń yọ́ nínú ara? Kí ló dé tí a kì í lò ó níbí?" Èrò pọ̀ níwájú wa lọ́jọ́ náà, mi ò ráyè dá a lóhùn. Ìdáhùn náà nìyí. Sítẹ́ǹtì ni ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sínú iṣan ọkàn kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ má bàa dí. Ìdáhùn mi máa gùn díẹ̀, torí pé èmi gan-an ti dìde rí níwájú àwọn dókítà ọkàn níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo yin sítẹ́ǹtì yẹn títí, ohun tí mo sọ kò sì pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ìpìlẹ̀ bọ̀. Ọkàn ní àwọn iṣan tirẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí tí ọ̀nà dín, àyà á máa fún èèyàn bó bá ti gun àtẹ̀gùn díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dì lé ọ̀rá náà lórí lójijì, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ni Andreas Grüntzig kọ́kọ́ ti bàlúùnù tín-ín-rín gba inú iṣan dé ọkàn aláìsàn kan ní ìlú Zurich, tó fẹ́ ẹ, tí ọ̀nà sì là. Orí tábìlì ilé ìdáná ló ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn bàlúùnù tó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tí wọ́n fẹ̀ báyìí máa ń sún kì padà. Ìdí nìyẹn tí Jacques Puel ní Toulouse àti Ulrich Sigwart ní Lausanne fi gbé ọ̀pá irin tó rí bí àwọ̀n sínú iṣan ọkàn ní 1986, kó lè dá a dúró. Ohun tí à ń pè ní sítẹ́ǹtì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ẹran ara máa ń hù gba ojú àwọ̀n náà tí yóò tún dí ọ̀nà, ni wọ́n bá fi oògùn tó ń dá ìhù náà dúró kun irin. Irú èyí wọ ọjà Yúróòpù ní 2002, Amẹ́ríkà ní 2003.

Ní 2006, níbi àpérò àwọn dókítà ọkàn ní Barcelona, ìròyìn kan já gbogbo wọn láyà: nínú àwọn tí wọ́n fi irin olóògùn sí lára, àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tó ń dá ẹran dúró kò jẹ́ kí ara bo irin náà bó ṣe yẹ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti gbilẹ̀: kí ni irin ṣì ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí iṣan ti jinná?

Ẹ̀yin tó ń gbé Lugbe tàbí Gwarinpa mọ bí wọ́n ṣe ń da dẹ́kìn. Pákó àti ọparun ni wọ́n fi ń gbé e dúró lábẹ́. Bí kọnkéré bá ti gan, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò sí onílé tó ń fi ọparun sílẹ̀ láàárín pálọ̀ títí ayé. Èrò àwọn tó ṣe sítẹ́ǹtì tó ń yọ́ kò yàtọ̀ sí èyí: iṣan nílò ìdúró fún ìwọ̀nba oṣù, lẹ́yìn náà kí ohun tó gbé e dúró parẹ́, kí iṣan lè máa fẹ̀ kó sì máa sún kì bí Ọlọ́run ṣe dá a, kí dókítà iṣẹ́ abẹ sì lè rí ibi rán mọ́ bó bá di dandan lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é náà wù mí púpọ̀. Ike kan ni, poly-L-lactic acid. Bí omi ara bá ti ń jẹ ẹ́, ó ń di lactic acid, ohun kan náà tó ń mú ògì kan nínú ìkòkò, tí ẹran ara ẹsẹ̀ wa náà ń pèsè nígbà tí a bá sáré. Ara á wá sọ ọ́ di omi àti èémí. Òwú ìránṣọ tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá tó bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ fi irú ike bẹ́ẹ̀ sí iṣan ọkàn èèyàn: ní 2000, Hideo Tamai àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde aláìsàn 15 jáde. Láti lè jẹ́ kí ike náà fẹ̀, omi tó gbóná tó 80°C ni wọ́n ń fà sínú bàlúùnù. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ Abbott ṣe Absorb, tí wọ́n fi oògùn everolimus kùn. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2011.

Ẹ wò ó, mo nífẹ̀ẹ́ àlàyé yìí. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yéni, ó dùn-ún sọ, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Ní òpin 2015, wọ́n ní kí n wá bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ torí pé ilé ìwòsàn ń ronú láti rà á. Ìwádìí ABSORB III ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá nínú New England Journal of Medicine. Ẹni 2008 ni wọ́n kó jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn: 1322 gba èyí tó ń yọ́, 686 gba Xience tó jẹ́ irin olóògùn. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ka iye àwọn tí ọkàn pa, àwọn tó ní ìkọlù ọkàn láti inú iṣan náà, àti àwọn tí wọ́n ní láti tún ibẹ̀ ṣe. Ó jẹ́ 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó gba èyí tó ń yọ́, 6.1 lọ́dọ̀ àwọn onírin. Àwọn tó kọ ìwádìí náà sọ pé tuntun kò rẹ̀yìn sí ti àtijọ́. Mo ka gbólóhùn náà, mo dìde, mo sì sọ fún àwọn dókítà pé, "Kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì."

Ohun tí mo sọ yẹn kọ́ ni ìwádìí sọ. Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ẹ máa bá irú rẹ̀ pàdé ní ọgọ́rọ̀ ọ̀nà nínú iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi ààlà lélẹ̀ pé tí ìyàtọ̀ tó lè wà láàárín wọn kò bá ti kọjá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn máa gbà pé tuntun kò rẹ̀yìn. Ta ló fa ààlà náà? Àwọn tó ṣètò ìwádìí ni. Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fà á. Ẹni tó bá sọ pé "kò rẹ̀yìn kọjá ààlà yìí" kò tíì sọ pé "ó bá a dọ́gba."

Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ tábìlì náà tí mo fi ojú fò. Ẹ̀jẹ̀ dì nínú sítẹ́ǹtì ní 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba èyí tó ń yọ́, 0.7 ló jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onírin. Ìlọ́po méjì ni, ṣùgbọ́n iye èèyàn tó ṣẹlẹ̀ sí kéré débi pé ó lè jẹ́ èèṣì, ìṣirò wọn kò sì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Nígbà tí ìṣirò bá ní òun kò tíì lè sọ, èmi túmọ̀ rẹ̀ sí pé kò sí. Bó bá jẹ́ orí fífọ́ ni à ń kà, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú sítẹ́ǹtì ọkàn máa ń pa èèyàn.

Bí mo bá tún wo àwọn tí iṣan wọn tín-ín-rín, tí kò tó milimítà 2.25, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 4.6 sí 1.5. Ta ni iṣan rẹ̀ sábà máa ń tín-ín-rín? Àwọn obìnrin, àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ wo ìlà tó wà níwájú wa láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ ka àwọn tó ní àtọ̀gbẹ níbẹ̀. Àwọn tí ìkọlù ọkàn ń lọ lọ́wọ́ lára wọn kò tilẹ̀ sí nínú ABSORB III, bẹ́ẹ̀ apá púpọ̀ nínú àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Lokoja, Minna àti Keffi, ìkọlù ló gbé wọn wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Èèyàn tí wọ́n fi dán nǹkan wò yàtọ̀ sí èèyàn tí mo fẹ́ kí wọ́n lò ó fún. Mi ò sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Owó ni kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn rà á lọ́dún náà. Mi ò lè sọ pé ọgbọ́n mi ló gbà wá.

Lọ́dún 2016 ni mo pàdé Àlàájì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Jos ni wọ́n bí i sí nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò, òun fúnra rẹ̀ sì ń ta táyà ní Zuba. Ó ti lọ sí Íńdíà ní 2014 torí àyà tó ń fún un, ọ̀kan nínú àwọn sítẹ́ǹtì tó ń yọ́ ni wọ́n sì fi sí i lára. Òun ló béèrè fún un. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí irin bá mi wọ sàréè." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, lẹ́nu Yorùbá àti Hausa. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fẹ́ kí ara òun padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá bó ṣe wá, ohun tó ń sọ wúwo lọ́kàn rẹ̀, ó sì yẹ kó wúwo lọ́kàn tiwa náà.

Nígbà tó padà dé Àbújá, ó lo aspirin àti clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fún bí oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló dá clopidogrel dúró, ó sì ń lo aspirin nígbà tó bá rántí. Àlàyé tirẹ̀ mọ́gbọ́n dání: wọ́n ní ohun tó wà lára òun ń yọ́, oògùn náà sì jẹ́ torí ohun tó wà lára òun, ká ní ohun náà ti ń tán, oògùn náà yẹ kó tán. Kò sí ẹni tó jókòó tì í láti sọ fún un pé ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ike náà ń gbà kó tó tán pátápátá. Òru ọjọ́ kan ni wọ́n gbé e wọlé, ó ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Nígbà tí àwọn dókítà fi ẹ̀rọ wo inú iṣan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dì gan-an níbi tí wọ́n ti fi sítẹ́ǹtì náà sí, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde, wọ́n fẹ ibẹ̀, wọ́n sì fi sítẹ́ǹtì onírin sínú rẹ̀ kó lè dúró. Ó yè é. Ọkàn rẹ̀ kò tún lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn tó dá dúró ló fà á, tàbí ike, tàbí bí wọ́n ṣe fi í sí i. Aláìsàn kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹn hàn. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ó lé mi padà sídìí àwọn ìwé tí mo rò pé mo ti kà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni àbájáde ọdún mẹ́ta ti ìwádìí ABSORB II jáde. Ẹni 501 ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn. Ìlérí tó ga jù tí wọ́n ṣe fún wa ni pé iṣan á padà máa fẹ̀ kó sì máa sún kì ju ti ẹni tó gba irin lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì dì nínú sítẹ́ǹtì ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba èyí tó ń yọ́, kò sí ẹyọ kan lọ́dọ̀ àwọn onírin. Ní oṣù kẹta 2017, àwọn tó ń ṣe ìwádìí AIDA ní Netherlands sáré tẹ tiwọn jáde kí àkókò rẹ̀ tó pé, torí pé ohun tí wọ́n rí ń kọ wọ́n lóminú. Ẹni 1845, àwọn aláìsàn ojoojúmọ́ bí irú èyí tó ń wá sọ́dọ̀ wa: ẹ̀jẹ̀ dì nínú sítẹ́ǹtì ní 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba èyí tó ń yọ́, 0.9 lọ́dọ̀ àwọn onírin, láàárín ọdún méjì. Oṣù yẹn náà ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí Absorb ní oṣù keje 2016, kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn dókítà. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2017, Abbott dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, wọ́n ní ọjà rẹ̀ kò yá mọ́. Ní 2018, ìlànà àwọn dókítà ọkàn Yúróòpù sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo irú sítẹ́ǹtì tó ń yọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi nínú ìwádìí.

Mo padà lọ bá àwọn dókítà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní 2015. Mo bẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ka gbogbo iye wọ̀nyí fún wọn, pẹ̀lú ìlà tí mo fò. Ó nira. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ àgbà dókítà níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ fún òun. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń pè mí kó tó kọ oògùn tuntun fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló fà á tí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ lójú ìwé fi ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ara? Ike kò le tó irin. Kó tó lè gbé iṣan dúró, ó ní láti nípọn: bí 150 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà), nígbà tí irin Xience kò ju 81 lọ. Nínú iṣan tí kò fẹ̀ ju milimítà mẹ́ta lọ, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ ti rí gọ́tà Nyanya nígbà òjò, tí ẹnì kan ju búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀. Omi kò ní í ṣàn geerege mọ́, á máa yí po lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù náà, ibẹ̀ ni pàǹtí á sì máa kó jọ sí. Ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ohun tó bá nípọn, ibi tó bá ti ń yí po ló ti máa ń dì.

Èkejì ló dùn mí jù, torí pé òun gan-an ni mo fi yangàn nínú ọ̀rọ̀ mi. Mo ti sọ̀rọ̀ yíyọ́ bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni: lónìí ó wà, lọ́la ó ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okun rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún. Bí ẹran ara kò bá tíì bò ó dáadáa, ẹ̀ka rẹ̀ kan lè já kó ṣubú sí àárín ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ẹ padà sídìí dẹ́kìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kọ́lékọ́lé máa ń yan ọjọ́ tí wọ́n á tú ọparun, wọ́n á sì kó o síta. Tiwa yìí, ó dà bíi ká fi ọparun sílẹ̀ kó máa jẹrà níkọ̀ọ̀kan lábẹ́ ilé nígbà tí àwọn èèyàn ti ń gbé òkè. Nígbà tí wọ́n tọ àwọn ABSORB III lẹ́yìn dé ọdún karùn-ún, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún kẹta, nígbà tí ike ti tán, ewu tó fi ju ti irin lọ dúró. Àwọn tó ronú nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò parọ́ fún wa: iṣan ń bọ́ lọ́wọ́ ewu náà nígbà tí ohun gbogbo bá ti yọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kú lọ́dún kejì kò ní í bá wọn dé ibẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi í sí ara náà ń béèrè ju ti irin lọ. Dókítà ní láti kọ́kọ́ la ibi náà dáadáa, kó wọn iṣan náà kó má ṣe jù, kó má ṣe dín, kó sì tún fi bàlúùnù tó le tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà kó lè lẹ̀. Bó bá fẹ́ ẹ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ kọjá ìlàjì milimítà, ike á sán. Kò tún ṣeé rí lójú X-ray, àmì kéékèèké orí méjèèjì nìkan ló ń hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa nílò kámẹ́rà ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú iṣan. Nínú cath lab, yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ inú iṣan ọkàn, tí a wà nígbà náà, kò sí i. Mo mọ̀ pé kò sí i. Mi ò fi í kún ọ̀rọ̀ mi.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń da ìbéèrè bò yín nígbà tí ẹ bá gbé ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère tí àwọn aṣojú ilé oògùn pín wá fún mi. Ọdún mélòó ni wọ́n tọ̀ wọ́n lẹ́yìn? Kí ni wọ́n fi wé? Ṣé ẹni tí ẹ ń rò lọ́kàn yìí wà lára wọn? Kí ló wà nínú ìlà tó kéré jù nísàlẹ̀ tábìlì? Mi ò fi yín ṣeré, n kò sì kórìíra ohun tuntun.

Ẹ wo ti magnesium bí àpẹẹrẹ. Irin tí ara lè jẹ ni, sítẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe, Magmaris, sì gba ìwé àṣẹ Yúróòpù ní 2016. Láàárín ọdún kan, bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti lọ, kò pẹ́ bíi ti ike. Ní Spain, wọ́n ṣe ìwádìí MAGSTEMI pẹ̀lú ẹni 150 tí ìkọlù ọkàn ń lọ lọ́wọ́ lára wọn. Iṣan àwọn tó gba magnesium padà ń fẹ̀ ju ti àwọn onírin lọ lóòótọ́: 56.5 sí 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlérí náà ṣẹ. Síbẹ̀, 16.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní láti padà wá tún ibẹ̀ ṣe láàárín ọdún kan, 5.3 péré ni ti àwọn onírin. Ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ṣẹ, aláìsàn sì tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ṣe òmíràn, Freesolve, tó gba ìwé àṣẹ Yúróòpù ní 2024. Mo ń retí ìgbà tí wọ́n á ti fi í wé irin olóògùn láàárín èèyàn púpọ̀, fún ọdún púpọ̀.

Ní oṣù kẹrin 2024, FDA tún fọwọ́ sí sítẹ́ǹtì oníke kan, Esprit BTK, fún iṣan ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹni 261 ló wà nínú ìwádìí rẹ̀, ó sì ṣe dáadáa: ní ọdún kan, 74 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ni iṣan wọn kò tún dí, tí wọn kò sì gé ẹsẹ̀ wọn, 44 ló jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Inú mi dùn sí i, torí pé ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n ń gé ní àríwá yìí ń bà mí nínú jẹ́. Ike rẹ̀ kò nípọn bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, 99 micron ni. Ṣùgbọ́n bàlúùnù lásán ni wọ́n fi í wé, kì í ṣe sítẹ́ǹtì irin. Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọkàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iye yẹn wá sọ fún yín pé ti ọkàn náà ti dára, ẹ dá a padà.

Nípa tiwa ní ìdí kọ́ńtà, irú sítẹ́ǹtì tó wù kí wọ́n fi sí èèyàn, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àpò oògùn tí ẹ fún un. Láti ìgbà Àlàájì, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní clopidogrel mọ́ láìbi í pé, "Kí ni ẹ rò pé oògùn yìí wà fún?" Mo máa ń dákẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan ni èmi náà máa ń gbọ́ ohun tí mi ò rò. Ìyá kan láti Suleja rò pé tinú ríro ni, ó sì ń lò ó kìkì tí inú bá ń ro ó. Ẹ béèrè bóyá aláìsàn ń lo omeprazole, oògùn inú, pẹ̀lú clopidogrel, torí pé ó máa ń dín agbára clopidogrel kù, FDA ti kìlọ̀ rẹ̀ láti 2009. Bó bá nílò oògùn inú, ẹ bá dókítà sọ pantoprazole. Ẹ béèrè àgbo láìfi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í sọ fún yín.

Ẹ béèrè ààwẹ̀ kí Ramadan tó dé, ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Clopidogrel 75 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò ní wàhálà, á lò ó lẹ́yìn ìṣínu. Ticagrelor 90 mg, òmíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ jókòó ti aláìsàn kí ẹ fi ọ̀kan sí sààrì, ọ̀kan sí ìṣínu, kí ẹ sì kọ ọ́ sára àpò oògùn. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ bi dókítà rẹ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ lè gba ààwẹ̀. Ẹ kọ́ gbólóhùn Hausa méjì yìí sórí, kódà bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ti wá: "Ka sha magani kullum," àti "Kada ka daina." Ẹ lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró. Fún obìnrin, "ki" ni ẹ máa fi rọ́pò "ka."

Owó ńkọ́? Òun ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró, kì í ṣe àìgbọ́ràn. Bí ẹnì kan bá pẹ́ kó tó padà wá, ẹ pè é. Bó bá ní owó kò sí, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n lè wá èyí tí apá rẹ̀ ká. Ọjọ́ mẹ́wàá láìlò ó láàárín oṣù àkọ́kọ́ lè di òkú.

Èyí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè tó wáyé ní ìdí kọ́ńtà: bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. A kì í lò ó níbí torí pé irin tín-ín-rín olóògùn ṣì ń dáàbò bo ọkàn aláìsàn jù ú lọ, ó ṣeé rí lójú X-ray, àwọn dókítà wa sì mọ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi iye àti ọdún hàn pé ó ti yí padà, èmi náà máa wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n rà á. Mo fẹ́ kí ó ṣẹ. Mo rántí Àlàájì nígbà gbogbo tí mo bá ń ka ti magnesium.

Ó ṣì ń wá, lóṣooṣù, láti Zuba. Ọmọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ báyìí. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó bi mí bóyá ike ọjọ́sí ti tán lára òun. Mo ní ó ti tán tipẹ́, irin tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn ló kù. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Kó dúró síbẹ̀ o." Mo ka aspirin ọgbọ̀n sínú àpò fún un, mo kọ ọjọ́ tó máa padà wá sára rẹ̀, ó sì kà á sókè fún mi kó tó lọ.